Aláìsàn Bẹ́ẹ̀dì Kọkàndínlógún

Wọ́n ní ọmọ kan wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé nílé ìwòsàn Pine Harbour tí wọ́n fi pamọ́ sínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Wọ́n ní oṣù mọ́kànlá gbáko lọmọ náà lò níbẹ̀, tí ara ń ro ó burúkú burúkú, tẹ́nì kan ò fún un ní oògùn, àfi búrẹ́dì. Wọ́n ní nígbà tí àṣírí fẹ́ tú, Raili Hautala, akọ̀wé wọ́ọ̀dù náà, da aṣọ funfun bo ọmọ ọlọ́mọ, ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ìfọṣọ, ó tì í gba ẹ̀yìn jáde lọ sídìí mọ́tò rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sì gbé e lọ. Ọkùnrin kan níbi ìṣeré họ́kì búra pé òun rí ẹsẹ̀ ọmọ náà tó yọ síta lábẹ́ aṣọ, pé ẹsẹ̀ ọ̀hún le gbagidi. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin lòun kà ní tòun, nítorí náà ìbejì ni wọ́n.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù yẹn, mo sì mọ Raili. Bí ẹ bá wọlé sọ́dọ̀ wa, òun lẹ máa kọ́kọ́ bá, torí tábìlì rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà bíi ti aṣọ́bodè. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nídìí tábìlì náà. Ilẹ̀ Finland ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, àwọn èèyàn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sọ pé “ó dáa”, ìwàásù ni wọ́n ṣe yẹn. Ìgbà kan ṣoṣo ni Raili yìn mí rí. Mo tún ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé ṣe fún un, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ó ń ṣiṣẹ́.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ra kéèkì.

Fóònù mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó mọ orúkọ ìyá àgbà gbogbo ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó mọ dókítà tí ìwé rẹ̀ kì í ṣeé kà, ó mọ ẹni tó jí pẹ́ńsù rẹ̀ lọ́dún 2009, kò sì tíì dárí jì í. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ à ń tu èèyàn nínú, òun náà sì ń sapá gidi pé kí ojú òun má fara jọ ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ yẹn wà ní ìsàlẹ̀ wa, nínú ọ́fíìsì tó ní kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ka Àlàáfíà àti Ìforítì Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀gá wọn ni Tamsin Everdell, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rọ ẹṣin pé kó má tàpá. Mi ò purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ń ṣe dáadáa sí wa. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní òkúta kan tí wọ́n kun lọ́dà, tí wọ́n kọ “O LÈ ṢE É” sí lára. Wọ́n fún wa ní áàpù kan tó máa ń rán wa létí pé ká mí. Ìgbà tí ọmọ ọdún méjì bá bì sí ọ lára dé ìgúnpá ló sábà máa ń dún. Wọ́n tún ní ẹ̀kọ́ ìforítì tó jẹ́ dandan, lórí bí èèyàn ṣe ń ráyè jẹun lẹ́nu iṣẹ́. Àsìkò oúnjẹ la fi ń ṣe é.

Lọ́dọọdún, wọ́n á fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́: báwo lọkàn rẹ ṣe rí? Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ rẹ á wà lórí ìwé náà gàdàgbà. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wa ló dáhùn pé inú àwọn ń dùn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ni yóò kọ ọ́ sábẹ́ nọ́ńbà ara rẹ̀ pé òun jókòó sínú mọ́tò lówùúrọ̀ yìí, òun sunkún tán kí òun tó wọlé?

Oṣù kìíní lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ikọ́ àwọn ìkókó gbòde, tí gbogbo bẹ́ẹ̀dì kún. Garnet Pelletier, nọ́ọ̀sì kan tó ga bí òpó, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà, lọ sídìí fíríìjì tí mílíìkì àwọn ọmọ wà. Ó ki kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ sínú fíríìjì, ó ki ìgò mílíìkì sápò kóòtù, ó sì ń lọ. Raili ń wò ó.

“Garnet, báwo ni?”

“Mo wà pa.”

“Mílíìkì ń jò lápò ẹ.”

“Mo ní mo wà pa, Raili. Ẹ jẹ́ n ráyè.”

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wa, a máa ń gbé káàdì kan kọ́ tí wọ́n ya ojú mẹ́fà sí. Ojú àkọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, òdo ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, méjì ló wà lábẹ́ tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí dé ojú ìkẹfà tó ń sunkún gbọ̀ọ̀rọ̀, mẹ́wàá ló wà lábẹ́ ìyẹn. Ọmọ tí kò lè ṣàlàyé bí ara ṣe ń ro ó tó á fọwọ́ tọ́ka sí ojú tó bá jọ tirẹ̀. Raili yọ ọ̀kan lórí ìṣó, ó gbé e síwájú Garnet.

“Má fẹnu sọ ọ́. Irọ́ lẹnu ẹ ti ń pa látàárọ̀. Fọwọ́ tọ́ka.”

Garnet rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ọmọdé lòun ni. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ìka rẹ̀ ti lọ sórí mẹ́jọ, tó dúró síbẹ̀. Ó wo ìka náà bíi pé ìka ẹlòmíì ni.

Lọ́jọ́ kejì, Raili gbé àga kan wá látilé. Ó gbé e sínú yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì, láàárín bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìrọ̀rí, ó sì lẹ nọ́ńbà kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: 19. Bẹ́ẹ̀dì méjìdínlógún la ní. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń fún àga ní nọ́ńbà.

“Ohunkóhun tí èèyàn bá wà lórí ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà. Ṣé kí n máa rán nọ́ọ̀sì lọ síbi tí kò ní nọ́ńbà ni?”

Báyìí ló ṣe ń lọ: bí ojú rẹ bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Raili á gbé káàdì síwájú rẹ. Bí ìka rẹ bá lọ sórí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ọ̀sì tó sún mọ́ ọ á bá ọ mójú tó àwọn ọmọ rẹ fún ìṣẹ́jú méjìlá, ìwọ á sì lọ jókòó. Kọfí á wà níbẹ̀, pulla náà á wà níbẹ̀, búrẹ́dì ilé wọn tó ń dùn, tí wọ́n ń di bí ẹni dirun, tí wọ́n á wá bu ṣúgà lé lórí. Raili á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kọ̀yìn sí ọ. Kì í dì mọ́ èèyàn. Kì í sọ pé pẹ̀lẹ́. Ohun tó sọ fún èmi nìyí: “Sunkún dáadáa, má sun ún ní ìlàjì. Ẹlòmíì wà lẹ́yìn ẹ lórí ìlà.”

Akọ̀wé sì ni. Kò lè rí nǹkan kó má kọ ọ́ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí a máa ń lò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dákú ló ń kọ ọ́ sí: ọjọ́, nọ́ńbà kó tó jókòó, nọ́ńbà lẹ́yìn tó dìde, ohun tí wọ́n fún un, nígbà míì ohun tó sọ tàbí tó ṣe. “Mẹ́jọ. Búrẹ́dì, kọfí, ìṣẹ́jú méjìlá. Mẹ́rin.” Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ tí ìkókó bẹ́ẹ̀dì kẹfà kú, Dókítà Ikram Warsame, ẹni tó kéré jù nínú àwọn dókítà wa, tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, fọwọ́ tọ́ka sí mẹ́wàá. Kò jẹ búrẹ́dì. Kò mu kọfí. Raili jẹ́ kó lo ìlọ́po méjì àkókò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: “Ìṣẹ́jú méjìlá. Ìṣẹ́jú méjìlá.” Lẹ́yìn náà ni Ikram fọ ojú rẹ̀, tó padà lọ bá àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń dúró dè é, kò sì ṣi ìkankan nínú wọn wò.

Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyẹn títí di oṣù kejìlá, tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Odindi ọjọ́ kan la fi ń kọ nǹkan sórí ìwé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ kó gbogbo ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ Raili pátá, ti àná àti ti oṣù mọ́kànlá, wọ́n sì kó o wọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tuntun náà kà á. Ó rí aláìsàn kan ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, bẹ́ẹ̀dì kọkàndínlógún, tí ìrora rẹ̀ kì í wá sílẹ̀ ju mẹ́fà lọ kó tó jẹ búrẹ́dì, tí kò sì gba oògùn kan rí láti oṣù kìíní. Ẹ̀rọ fariwo ta.

Ọ̀gbẹ́ni Kerr Dunlop, láti ọ́fíìsì ààbò aláìsàn, ló wá wá ọmọ náà. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, táì rẹ̀ náà tín-ín-rín. Ó ka bẹ́ẹ̀dì wa lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ìkejìdínlógún. Ó wá dúró síwájú tábìlì Raili, èmi ń ka ìgò oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mi ò sì mọ iye tí mo kà títí dòní.

“Ìyáàfin Hautala, ọmọ náà dà?”

“Ọmọ wo?”

“Ti bẹ́ẹ̀dì kọkàndínlógún. Ẹ kọ ọ́ síbí pé ó sunkún, ó ní òun máa fiṣẹ́ sílẹ̀, òun á lọ máa wa mọ́tò tó ń kó yìnyín. Ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Méjìlélógójì.”

Wọ́n jọ wo ara wọn. Raili wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ó mú un lọ wo àga, ó fi káàdì hàn án. Ọkàn Dunlop balẹ̀ pé kò sọ́mọ kankan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré lọkàn rẹ̀ fi balẹ̀.

“Ẹ̀ẹ́n, òṣìṣẹ́ ni wọ́n nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tí ìrora wọn dé mẹ́wàá, tí wọ́n sì padà lọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ fún mi lórúkọ wọn. Ẹni tó bá ti dé mẹ́jọ, òfin ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì yẹ fún iṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín, akọ̀wé ni yín. Wọn ò fún yín láṣẹ láti wọn ìrora ẹnikẹ́ni.”

“Bí mi ò bá fún yín lórúkọ ńkọ́?”

“Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo máa parí ìwé mi. Bí àyè orúkọ bá ṣì ṣófo, ẹ ò ní jókòó sídìí tábìlì yìí mọ́ lọ́jọ́ Ajé.”

Gbogbo wa la mọ ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn ń ṣe. Bí wọ́n bá dá Garnet dúró, á padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ikram ní tirẹ̀, ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró, ẹ̀kọ́ náà ti já nìyẹn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Tamsin sáré gòkè wá, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti rí ìwé náà.

“Àǹtí Raili, láti mẹ́jọ sí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú méjìlá? Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe? Áàpù wa ò mú ẹnikẹ́ni kúrò lójú kan rí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ètò gidi. A ó ra àga tó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn. A ó gbé fìtílà aláwọ̀ ewé síbẹ̀. Èèyàn á forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù, á dáhùn ìbéèrè méjìlélógójì, á sì wọlé. Èmi fúnra mi ni máa bá Dunlop sọ̀rọ̀. Orúkọ wọn nìkan la nílò, fún ìwádìí.”

“Bí orúkọ bá ti wọ̀ ọ́, gbogbo wọn á máa tọ́ka sí òdo.”

“Ṣé òdo kọ́ la ń fẹ́ ni?” ni Tamsin wí, ó sì sọ ọ́ látọkàn wá.

Raili gbé fóònù tí kò dún.

Lọ́jọ́bọ̀, Ikram wá sídìí tábìlì. “Eeddo” ló máa ń pe Raili, bí àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe ń pe àbúrò bàbá lóbìnrin. Raili máa ń ṣe bíi pé òun ò gbọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń bu pulla méjì fún.

“Eeddo, ẹ kọ orúkọ mi fún wọn. Ẹ má torí mi pàdánù iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mi lọ̀rọ̀ yìí.”

“O ti fọwọ́ sí ìwé ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹta?”

“Rárá, mo ní—”

“Ìyá ẹ̀ ti gbé kóòtù òtútù wọ̀. Ó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Lọ fọwọ́ sí i.”

Ikram lọ fọwọ́ sí i. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Dunlop dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àgbélétan rẹ̀. Kò sẹ́ni tó níṣẹ́ gidi nídìí tábìlì náà, síbẹ̀ gbogbo wa la wà níbẹ̀. Garnet ń to ìbọ̀wọ́ tó ti tò tẹ́lẹ̀. Raili na ìwé kan sí Dunlop. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀.

“Raili Hautala,” ni Dunlop kà. “Àwọn yòókù dà?”

“Kò sí àwọn yòókù. Èmi ni.”

“Ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá?”

“Òtútù ìlú yìí kì í tètè lọ.”

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. “Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ sunkún.”

“Ọjọ́ yẹn ò dáa.”

“Ẹ fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ máa wa mọ́tò tó ń kó yìnyín.”

“Mo ṣì ń rò ó.”

“Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ṣúgà kún irùngbọ̀n yín.”

“Mo ti fá a.”

Páálí ìbọ̀wọ́ já bọ́ lọ́wọ́ Garnet. Kò sẹ́ni tó ṣà á. Dunlop wo Raili, ó wo irùngbọ̀n Garnet, ó wo Ikram tó dúró sídìí ògiri tó di ìwé mú gírígírí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí Ikram tó la ẹnu, Raili ní, “Dókítà, bẹ́ẹ̀dì kejì ń pè yín.” Bẹ́ẹ̀dì kejì ò pe ẹnikẹ́ni. Oorun ló ń sùn.

Èmi ò mọ ohun tí Dunlop rò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún fọ́ọ̀mù ni, fọ́ọ̀mù sì ní àyè kan fún orúkọ, orúkọ sì wà níbẹ̀ báyìí. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ mọ̀ pé nínú ìwé, ẹ̀yin ni inú yín bàjẹ́ jù nínú ìtàn ilé ìwòsàn yìí?”

“Mo gbọ́.”

“Akọ̀wé kì í tọ́jú aláìsàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín ò kan ìgbìmọ̀. Ẹ ó lọ gba ẹ̀kọ́ ìforítì lẹ́ẹ̀mẹwàá, dandan ni. Ẹ ò gbọdọ̀ wọn ìrora ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ mọ́. Àga yẹn ò sì ní àmì ààbò iná. Ó gbọ́dọ̀ kúrò níbí lónìí.”

Ó di kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó lọ. Tábìlì kù fún Raili. Àga lọ. Wọ́n sọ yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì di yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì lásán.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni obìnrin tí inú rẹ̀ bàjẹ́ jù ní gbogbo Pine Harbour ń sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Tamsin. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní kó kun òkúta. Ó kun ún ní àwọ̀ eérú. Tamsin bi í pé kí ni àwòrán náà dúró fún, Raili ní, “Òkúta.” Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí. Ó ní òun ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó kọ ọ́: “Raili, tọ́jú pẹ́ńsù ẹ.”

Lọ́jọ́ kẹrin, fóònù Tamsin dún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé e sílẹ̀. Wọ́n ti gba mẹ́ta kúrò nínú àwọn márùn-ún tó ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní kó ṣètò ayẹyẹ ìmoore fún gbogbo òṣìṣẹ́ kí oṣù tó parí.

“Báwo ni?” Raili bi í.

“Mo wà dáadáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí.”

Òfin ti wà pé kò gbọdọ̀ wọn ìrora àgbàlagbà. Raili yọ káàdì lápò, ó gbé e sórí tábìlì, ó yíjú sí fèrèsé. Kò wọn nǹkan kan. Ìka Tamsin ló fúnra rẹ̀ rìn lọ.

Èmi ò sí níbẹ̀, Tamsin fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù, Raili ló ń gbé kọfí àti pulla wá, òun lòun ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé Ìyáàfin Hautala ti kúrò ní mẹ́wàá, ó ti bọ́ sí òdo, irú èyí tí ẹ̀ka náà ò rí rí. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ han àwọn ọ̀gá pátápátá níbi ìpàdé ńlá. Àwọn ọ̀gá gbà pé òkúta náà ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ní kí wọ́n kun ẹgbẹ̀rún kan sí i.

Ikram yege nínú ìdánwò. Ọ̀dọ̀ wa ló wà títí di ìsinsìnyí.

Raili ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí i tí èèyàn ki kọ́kọ́rọ́ sínú fíríìjì mílíìkì, á dìde nídìí tábìlì rẹ̀, á ní ẹ̀yìn ń ro òun, òun fẹ́ nàró díẹ̀. Àga tirẹ̀ ní táyà lẹ́sẹ̀, ó sì ní àmì ààbò iná. A máa ń tì í wọ yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì láìsọ̀rọ̀. Òun á dúró gbé fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìṣẹ́jú méjìlá, lórí ẹsẹ̀ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, á sì máa kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Ní ti ohun tó tì jáde gba ẹ̀yìn lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, àga onígi ni, láti ilé ìdáná rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní.